Àwòdì Òkè àti Ará Ilẹ̀: Ìtàn Yíya Àwòrán Iṣẹ́ Oko láti Òfuurufú

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí gbé ìtàn yíya àwòrán oko àti iṣẹ́ oko láti òkè yẹ̀ wò, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ayàwòrán wọ inú bàlúù ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1858 títí dé ìgbà dúróònù. Ó fi ìtàn yìí wé ti sinimá ìjọba amúnisìn àti ti wíwọn ilẹ̀ láti òfuurufú ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ náà fi hàn pé ojú tí ó ń wo oko láti òkè máa ń rí fífẹ̀ oko, ṣùgbọ́n kì í rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àti pé ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni àwòrán ti wà nínú ìtàn yìí láti ọjọ́ kìíní. Ó parí pẹ̀lú àbá fún àwọn olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kọ́ni ní èdè àti àṣà Yorùbá.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Nígbà tí àwọn àgbà ń pa òwe yìí, ẹyẹ tí ó ń rá bàbà lókè, tí ó ń wá òròmọdìẹ tí yóò gbé, ni wọ́n ní lọ́kàn. Lónìí, ẹyẹ mìíràn ti dé. Ní oko ìrẹsì tàbí oko àgbàdo, àwọn tí ń roko lè máa gbọ́ ohùn kan tí ó dà bí ti oyin lókè orí wọn. Bí wọ́n bá gbójú sókè, ẹ̀rọ kékeré kan ni wọn yóò rí, tí ó ní abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin, tí kámẹ́rà sì so mọ́ ọn nísàlẹ̀. Ẹni tí ó ń darí rẹ̀ lè dúró sí eteetí oko, kí ó máa wo gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe lójú fóònù tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ni àwọn ènìyàn ń pè ní dúróònù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tuntun pátápátá ni èyí. Ẹ̀rọ náà jẹ́ tuntun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ láti rí oko láti òkè ti pẹ́, àríyànjiyàn tí ó sì tẹ̀ lé e kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà yóò rò pé ẹ̀rọ nìkan ni ó yẹ kí òun kọ́ bí a ṣe ń lò. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò béèrè àwọn ìbéèrè tí àwọn àgbẹ̀ ti ń béèrè láti ọjọ́ pípẹ́.

Bí Yorùbá ṣe ń mọ oko kí kámẹ́rà tó dé

Àgbẹ̀ Yorùbá ìgbà àtijọ́ kì í fi éékà tàbí hẹ́kítà wọn oko iṣu rẹ̀. Ebè ni ó ń kà, igba-igba ni ó sì ń kà á. Láti inú iye igba ebè tí ó kọ ni ó ti ń mọ iye èbù tí yóò gbìn, iye ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò gbà, àti bóyá kí òun bẹ ọ̀wẹ̀ tàbí kí òun wá ẹgbẹ́ tí wọn yóò jọ ṣe àáró. Ìwọ̀n yìí kò yà kúrò lára iṣẹ́. Ẹni tí ó ń kà á ni ẹni tí ó fi ọkọ́ kọ ọ́, iye tí ó bá sì kà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Wíwo oko náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Nígbà tí ọkà bá ń gbó, àwọn ọmọdé a máa ṣọ́ oko kí ẹyẹ má baà jẹ ẹ́ tán. Àgbà ní tirẹ̀ a máa rìn gba àárín poro, yóò tọ́ ewé wò, yóò fi ọwọ́ tú ìdí ebè, yóò sì mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilẹ̀ kí ó tó hàn sí gbangba. Èyí ni ó fi jẹ́ pé Yorùbá ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Òwe yìí kò tàbùkù gígun òkè. Ohun tí ó ń sọ ni pé gíga ibi tí ènìyàn dúró sí àti jíjinlẹ̀ ìmọ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà. Ìyàtọ̀ yìí ni ó yẹ kí òǹkàwé fi sọ́kàn bí ìtàn ṣe ń tẹ̀ síwájú.

Láti inú bàlúù dé àyà ẹyẹlé

Ará Faransé kan tí ń jẹ́ Gaspard-Félix Tournachon, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Nadar, ni ó kọ́kọ́ ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè. Ní ọdún 1858 ni ó gbé ẹ̀rọ ayàwòrán rẹ̀ wọ inú bàlúù tí gáàsì ń gbé sókè ní abúlé Petit-Bicêtre nítòsí Paris. Bàlúù tí à ń wí yìí ni àpò ńlá tí ó máa ń fò láìní ẹ́ńjìnnì. Láti ara orúkọ rẹ̀ ni Yorùbá ti yá ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọkọ̀ òfuurufú títí di òní. Àwòrán àkọ́kọ́ náà ti sọnù, ṣùgbọ́n Nadar fúnra rẹ̀ kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀: ilé oko kan, ilé èrò kan, àti ilé àwọn agbófinró. Ó yẹ kí òǹkàwé fiyè sí i pé oko àti agbófinró jọ wà nínú àwòrán kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun mìíràn tí ó ṣe pàtàkì ni ìdí tí Nadar fi ṣe é. Ní ọdún kan náà ni ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọgbọ́n tuntun yìí, ohun tí ó sì sọ pé yóò wúlò fún ni yíya máàpù àti wíwọn ilẹ̀ onílẹ̀. Ìwọ̀n irú èyí ni ìjọba ilẹ̀ Faransé fi ń mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀ àti owó orí tí ó yẹ kí ó san lórí rẹ̀. Nítorí náà, kò pẹ́ rárá tí wọ́n ya àwòrán oko láti òkè tí ọ̀rọ̀ ohun-ìní àti owó orí fi bá a dé.

Lẹ́yìn Nadar, àwọn mìíràn tún gbìyànjú. Ní ọdún 1860, James Wallace Black ya ìlú Boston ní Amẹ́ríkà láti inú bàlúù. Àwòrán yìí ni ó pẹ́ jù nínú àwọn èyí tí ó ṣì wà títí di òní. Ní ọdún 1888, Arthur Batut so kámẹ́rà mọ́ káítì, irú ohun tí àwọn ọmọdé ń fi òwú darí nínú afẹ́fẹ́, ó sì fi ya ilẹ̀ agbègbè rẹ̀ ní gúúsù Faransé. Ní Jámánì, apòògùn kan tí ń jẹ́ Julius Neubronner so kámẹ́rà fẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ àyà ẹyẹlé, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1908. Kámẹ́rà náà a máa ya àwòrán fúnra rẹ̀ bí ẹyẹlé bá ṣe ń fò padà sílé. Nínú gbogbo ìgbìyànjú wọ̀nyí, ti Batut àti ti Neubronner ni ó sún mọ́ dúróònù jù, nítorí pé kámẹ́rà nìkan ni ó gòkè; ẹni tí ó ni ín dúró nílẹ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní, láti 1914 sí 1918, ni ó wá sọ yíya àwòrán láti inú ọkọ̀ òfuurufú di iṣẹ́ gidi. Ohun tí ológun fi ń wá ibùdó ọ̀tá ni àwọn awọnlẹ̀ padà ń lò láti wọn ilẹ̀ lẹ́yìn ogun.

Sinimá ìjọba amúnisìn

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, àwòrán tí ó ń rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn ará oko kí àwòrán láti òkè tó di ohun tí wọ́n mọ̀. William Sellers, òṣìṣẹ́ ètò ìlera lábẹ́ ìjọba amúnisìn, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí fi sinimá kọ́ àwọn ènìyàn nípa ìmọ́tótó àti àrùn. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Colonial Film Unit sílẹ̀ ní ọdún 1939, Sellers ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ó gbé ẹ̀rọ sinimá àti ẹ́ńjìnnì iná a máa lọ láti ìlú dé abúlé, àwọn ènìyàn a sì péjọ ní òru láti wò ó. Lára ohun tí wọ́n fi ń hàn wọ́n ni bí ó ṣe yẹ kí wọ́n tọ́jú ilé, omi, oko àti irè oko wọn.

Èrò Sellers ni pé òye àwọn aláwọ̀ dúdú kò lè gbé sinimá tí ó yára. Nítorí náà ni ó fi ní kí àwòrán máa falẹ̀, kí kámẹ́rà má ṣe sáré láti ibì kan sí ibòmíràn. Ìtàn kan wà tí John Wilson tẹ̀ jáde ní ọdún 1961, tí Marshall McLuhan sì tún sọ nínú ìwé tirẹ̀ ní ọdún 1962. Wọ́n fi sinimá kan nípa dída omi adágún nù han àwọn ará abúlé kan. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí, wọ́n dáhùn pé adìẹ ni. Àwọn tí ó ṣe sinimá náà kò mọ̀ pé adìẹ wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n tú fíìmù náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n tó rí i pé adìẹ kan sáré kọjá ní igun kan fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ọdún pípẹ́ ni wọ́n fi ìtàn yìí ṣe ẹ̀rí pé ará oko kò mọ sinimá wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ kan lẹ́yìn ìgbà náà ti ṣe iyèméjì sí bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Bí ó bá tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ, ìtumọ̀ mìíràn wà. Àwọn ará abúlé náà rí ohun tí ẹni tí ó ni kámẹ́rà kò rí. Adìẹ jẹ́ ohun-ìní, ẹni tí ó bá sì ní ohun-ìní kì í gbójú fò ó. Àwòdì ni ó rò pé òun nìkan ni ó ń wò.

Lẹ́yìn òmìnira, tẹlifíṣàn gba ipò ọkọ̀ sinimá náà díẹ̀díẹ̀. Ibùdó tẹlifíṣàn ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, wà lára àwọn tí ó là á. Síbẹ̀, kámẹ́rà ṣì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya àgbẹ̀ ní láti wọ oko, kí ó kí i kú iṣẹ́, kí ó sì gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Wíwọn ilẹ̀ Nàìjíríà láti òkè

Ọ̀nà kejì gba ọ̀dọ̀ àwọn awọnlẹ̀. Ní ọdún 1946, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa fi àwòrán láti òfuurufú ya máàpù àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1972, wọ́n dá ibùdó ẹ̀kọ́ nípa wíwọn ilẹ̀ láti òfuurufú, tí a mọ̀ sí RECTAS, sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti ń kọ́ iṣẹ́ náà. AFRIGIST ni orúkọ rẹ̀ lónìí. Ní ọdún 1976 àti 1977, ìjọba àpapọ̀ lo ọkọ̀ òfuurufú tí ó gbé ẹ̀rọ rédà láti ya igbó àti ilẹ̀ oko jákèjádò orílẹ̀-èdè, nítorí pé rédà lè rí ilẹ̀ kódà bí ìkùukùu bá bò ó. Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2003, wọ́n gbé sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 lọ sí òfuurufú.

Bí ó ti wù kí àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ṣe pàtàkì tó, àgbẹ̀ kò hàn nínú wọn. Nínú àwòrán NigeriaSat-1, àmì tí ó kéré jù dúró fún ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà 32 ní ìbú àti mítà 32 ní òòró. Odidi oko kékeré kan lè wọ inú àmì kan ṣoṣo. Ọkọ́, ebè, àti ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ó ń roko kò sí níbẹ̀. Ìjọba rí ilẹ̀ oko, kò rí iṣẹ́ oko.

Dúróònù wọ oko

Àlàfo tí ó wà láàárín sinimá orí ilẹ̀ àti sátẹ́láìtì ni dúróònù wá dí. Ilẹ̀ Japan ni ó ti kọ́kọ́ wọ oko. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń darúgbó, àwọn ọ̀dọ́ kò sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ oko mọ́. Nítorí náà ni ilé-iṣẹ́ Yamaha fi ṣe hẹlikópítà kékeré R-50, tí kò ní awakọ̀ nínú, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1987 láti máa fọ́n oògùn sí oko ìrẹsì. Oògùn ni ó gbé, kì í ṣe kámẹ́rà. Ó gbówó lórí, ó sì gba ẹni tí ó mọṣẹ́ láti darí rẹ̀.

Ohun tí ó sọ ọ́ di ti gbogbo ènìyàn ni pé àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí ó wà nínú fóònù alágbèéká di pọ́ọ́kú: èyí tí ó ń mọ ìtẹ̀sí, èyí tí ó ń mọ ibi tí ènìyàn wà, àti kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ DJI, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà ní ọdún 2006, kó gbogbo wọn pọ̀, ó sì gbé Phantom jáde ní ọdún 2013. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ awakọ̀ òfuurufú lè gbé kámẹ́rà sókè oko láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà lò ó lóko. Ọ̀nà kìíní ni yíya máàpù. Kámẹ́rà a kọjú sílẹ̀ gbọnrangandan, dúróònù a sì máa lọ síwá sẹ́yìn bí ẹni tí ń kọ poro. Àwòrán kọ̀ọ̀kan a gun orí èkejì kí kọ̀ǹpútà lè rán wọn pọ̀ di àwòrán ńlá kan. Bí ó bá fò ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà, àmì tí ó kéré jù nínú rẹ̀ kì í ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ. Àwọn kámẹ́rà kan tún ń gba irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí, èyí tí ewé tí ara rẹ̀ dá máa ń dá padà lọ́pọ̀lọpọ̀, tí ewé aláìsàn kì í sì í dá padà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kejì ni yíya iṣẹ́ fúnra rẹ̀: kámẹ́rà a dagun díẹ̀, a máa tẹ̀ lé àwọn tí ń kọ ebè tàbí tí ń kórè, tí ìlà wọn àti bí ọwọ́ wọn ṣe ń lọ sókè sódò yóò hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá wálẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ a gbé eruku, ariwo rẹ̀ a sì lé ewúrẹ́ àti adìẹ ká. Bátìrì ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í kọjá nǹkan bí ìdajì wákàtí.

Ohun tí ojú òkè kò rí

Ibi tí ó yẹ kí olùkọ́ dúró sí kí ó ronú jinlẹ̀ ni èyí. Ìrẹsì àti àgbàdo hàn sí òkè, dúróònù sì wúlò fún wọn. Iṣu kò rí bẹ́ẹ̀: ewé rẹ̀ ni ó hàn, ohun tí wọ́n gbìn ín fún wà nínú ilẹ̀. Kókò tún ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ara igi àti ẹ̀ka ni èso rẹ̀ ń so sí, lábẹ́ ewé tí ó ṣú bolẹ̀. Àrùn tí ó ń sọ èso kókò di dúdú ní àsìkò òjò kò lè hàn sí kámẹ́rà tí ó wà lókè orí igi. Ẹni tí ó rìn wọ abẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó lè rí i.

Bákan náà ni iṣẹ́ oko. Dúróònù lè fi ogún ènìyàn tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ hàn, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá ọ̀wẹ̀ ni wọ́n wá ṣe fún àna, bóyá àáró ni, tàbí pé alágbàṣe ni wọ́n. Kò gbọ́ orin tí wọ́n ń kọ, nítorí ariwo abẹ̀bẹ̀ ara rẹ̀ bo gbogbo ohùn. Kò mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀ àti ẹni tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nìkan pamọ́ fún àwọn ìran tí ń bọ̀, ìṣesí ara nìkan ni wọn yóò rí. Àjọṣe tí ó mú kí iṣẹ́ náà ṣeé ṣe yóò ti sọnù.

Ta ni ó ni àwòrán?

Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ní ìdí tí wọ́n fi ń fura sí ẹni tí ó bá wá wo oko wọn láìsọ ìdí. Ní àwọn ọdún 1940, nígbà tí àrùn tí ó ń mú ẹ̀ka kókò wú wọ agbègbè Ìbàdàn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọ oko wá ṣàyẹ̀wò, ohun tí ó sì tẹ̀ lé àyẹ̀wò náà ni gígé igi kókò olókòó lulẹ̀. Ní ọdún 1968 àti 1969, ọ̀rọ̀ owó orí àti ìwà àwọn tí ń gbà á wà lára ohun tí ó dá ogun Àgbẹ̀kọ̀yà sílẹ̀. Lójú àgbẹ̀ tí ó la àwọn ọdún wọ̀nyí kọjá, ẹni tí ó ń ka oko ènìyàn kì í ṣe ọ̀rẹ́ títí yóò fi fi ara rẹ̀ hàn ní ọ̀rẹ́.

Lónìí, ìbéèrè náà tún padà dé. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin pé kókò, kọfí, epo ọ̀pẹ, rọ́bà àti àwọn nǹkan mìíràn kan kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ọjọ́ 31, oṣù kejìlá, ọdún 2020 ni wọ́n pa igbó ibi tí ó ti wá run. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìmúṣẹ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó béèrè hàn kedere: ibi tí oko kọ̀ọ̀kan wà gbọ́dọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀, àwọn oko kókò tí ó bá sì ju hẹ́kítà 4 lọ gbọ́dọ̀ ní ìlà ààlà wọn. Àwòrán láti òkè wà lára ọ̀nà tí ó rọrùn láti ṣe èyí. Ó lè jẹ́ ẹ̀rí tí yóò jẹ́ kí àgbẹ̀ rí kókò rẹ̀ tà. Bí àwòrán ọ̀hún bá sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí àgbẹ̀ kò ní ẹ̀dà rẹ̀, ìkáwọ́ ẹni náà ni oko rẹ̀ wà ní ọ̀nà kan.

Ìjọba Nàìjíríà náà ti gbé ìgbésẹ̀ tirẹ̀. Ní ọdún 2016, àjọ tí ó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò dúróònù láìgba àṣẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àwọn ológun fi òfin de lílò rẹ̀ láìgba àṣẹ ní Àríwá Ìlà-Oòrùn nítorí ètò ààbò. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 náà sì wà fún àwòrán tí a bá ti lè dá ènìyàn mọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn òfin wọ̀nyí ń sọ ẹni tí ó lè fò. Àṣà ni ó kù tí yóò sọ bí ó ṣe yẹ kí ó kí àwọn tí ó fò lé lórí.

Àbá fún àwọn olùkọ́

Bí olùkọ́ bá fẹ́ lo dúróònù láti fi iṣẹ́ oko kọ́ni, ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí ó ṣe. Èkíní, kí ó gba àṣẹ ìjọba, kí ó sì tún lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ olóko àti àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà kí ẹ̀rọ tó gbéra. Èkejì, kí kámẹ́rà mìíràn àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wà nílẹ̀, kí ohùn, orin àti orúkọ irinṣẹ́ má baà sọnù. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n gbé àwòrán náà padà fún àwọn àgbẹ̀ wò, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Ẹni tí ó ni oko lè rí adìẹ tí ẹni tí ó ya àwòrán kò rí. Ẹ̀kẹrin, kí ẹ̀dà àwòrán wà lọ́wọ́ olóko. Irú ètò báyìí yóò sọ kíláàsì di ibi tí èdè ti ń pọ̀ sí i, nítorí pé àgbẹ̀ yóò ní láti ṣàlàyé ohun tí ó rí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì kọ́ ọ̀rọ̀ bí ebè, poro, èbù àti ìṣákọ́lẹ̀ láti ẹnu àwọn tí ń lò wọ́n.

Àgbálọgbábọ̀

Láti ìgbà Nadar títí dé ìgbà dúróònù, ẹ̀rọ ti ń kéré sí i, àwòrán sì ti ń mọ́ sí i. Ohun tí kò yí padà ni pé ẹnì kan wà lókè, ẹnì kan sì wà nílẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́. Sinimá ìjọba amúnisìn kùnà níbi tí ó ti rò pé ará ilẹ̀ kò mọ nǹkan wò. Wíwọn ilẹ̀ láti òfuurufú rí ilẹ̀ láìrí olóko. Dúróònù lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé ó lè sún mọ́ ènìyàn, ẹni tí ó ń darí rẹ̀ sì wà ní tòsí tí ó lè bá olóko sọ̀rọ̀. Bí ó bá gbé àwòrán fò lọ láìdágbére, àwòdì ni. Bí ó bá balẹ̀, tí ó sì fi ohun tí ó rí han olóko, ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó àti ohun tí ọmọdé rí lórí igi lè pàdé nínú ìmọ̀ kan ṣoṣo.